Ọwọ́ Tí Ó Bọ Ìwé, Ojú Tí Kò Kà Á

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba títì 225 láti Houston lọ sí ìhà ìlà-oòrùn yóò ti gbóòórùn Pasadena kí ó tó rí i, nítorí láti ibi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé odò tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé, ilé-iṣẹ́ epo àti ti kẹ́míkà ni ó tò gbọọrọ bí igbó, tí iná ń jó lórí òpó gíga tọ̀sán tòru, tí èéfín funfun sì ń rú sókè bí ẹni pé gbogbo ìyàwó ilé tí ó wà láyé ni ó dáná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ẹ̀bá òpópónà tí wọ́n ń pè ní Red Bluff, ilé ìfọpo kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1920, tí kò tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò sì lẹ́wà jù wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí ń gbé agbègbè yìí ni ó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ oòjọ́ wa láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n èmi ti di ẹni tí kò lè kọjá níbẹ̀ mọ́ kí ọkàn mi má bi mí ní ìbéèrè kan, ìbéèrè náà ni mo sì fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé: bí ènìyàn bá tọwọ́ bọ ìwé májẹ̀mú tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí ìyà sì ti inú ìwé náà jáde, ǹjẹ́ àìmọ̀ rẹ̀ lè gbà á là níwájú Ọba Adákẹ́dájọ́?

Ọ̀rọ̀ òfin pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣòwò agbègbè wa ní àkókò yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìpínlẹ̀ Texas ṣílẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ tuntun kan tí ó jẹ́ pé ẹjọ́ òwò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà ní Houston. Nígbà tí ó di ọdún 2025, àwọn aṣòfin dín iye owó tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ tó kí ó tó lè dé ibẹ̀ kù, láti mílíọ̀nù 10 dọ́là sí mílíọ̀nù 5. Ní ọdún kan náà ni wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tí ó ní kí ilé-ẹjọ́ kà á sí pé àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ ńlá fi ọkàn rere ṣe ìpinnu wọn, pé wọ́n sì ti wádìí ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó ṣe é, àyàfi bí ẹni tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́ bá lè fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Àwọn agbẹjọ́rò òwò kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà wọn láti fi ìròyìn wọ̀nyí tó wọn létí, mo sì ka díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà. Wọ́n mọ́gbọ́n wá, n kò sì rí àléébù nínú wọn ní ti òfin. Ohun tí ó dá mi dúró ni gbólóhùn yẹn, pé kí a kà á sí pé wọ́n ti wádìí. Òfin Texas ti ní irú rẹ̀ fún mẹ̀kúnnù láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tí ó bá tọwọ́ bọ ìwé, a ó kà á sí pé ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé kò ka ju ojú ewé kìíní lọ, àfi bí a bá fi ẹ̀tàn mú un. Òfin ènìyàn kò lè rí inú, nítorí náà ni ó ṣe ń kà á sí. Ṣùgbọ́n Olùmọ̀ràn-ọkàn kò ní ohun kan án kà sí, Ó mọ̀ ni.

Ìtàn ilé ìfọpo tí mo ń wí náà lọ báyìí. Ní ọdún 2005 ni Astra Oil, ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn olówó rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Belgium, rà á ní mílíọ̀nù 42.5 dọ́là. Ní ọdún 2006, Petrobras, ilé-iṣẹ́ epo tí àkóso rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba Brazil, san mílíọ̀nù 360 dọ́là fún ìdajì rẹ̀ àti fún epo tí ó wà nípamọ́ níbẹ̀. Àwọn tí ó mọ òwò náà ní ilé ìfọpo ti gbówó lórí gidigidi ní àsìkò yẹn, àti pé Astra ti ná owó tirẹ̀ sí i lára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kì í sì í ṣe ẹni tí yóò bá wọn jiyàn lórí ọjà tí n kò tà rí. Ohun tí ó ká mi lára ni ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn wọn. Abala kan nínú rẹ̀ ní bí aáwọ̀ bá wọ àárín àwọn alájọṣe méjèèjì, Astra lè kó ìpín tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di dandan kí Petrobras rà á tán ní iye tí ìwé náà ti là sílẹ̀. Abala mìíràn, tí wọ́n fi orúkọ Marlim, pápá epo kan nínú òkun Brazil, pè, ṣèlérí pé bí wọ́n bá tún ilé ìfọpo náà ṣe láti máa fọ epo Brazil, èrè tí yóò máa kan Astra lọ́dọọdún kò ní í dín ní 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìbáà jẹ́ ọjà tà, ìbáà jẹ́ kò tà.

Kò pẹ́ kò jìnnà, aáwọ̀ dé. Petrobras fẹ́ kí wọ́n mú ilé ìfọpo náà gbòòrò kí ó lè máa fọ epo wíwúwo ilẹ̀ Brazil, Astra kò fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀, Astra bá fa ìwé yọ. Àwọn onílàjà dá Astra láre ní ọdún 2009; Petrobras tún gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, ó ń fà á síwá, ó ń fà á sẹ́yìn, títí ó fi di ọdún 2012 tí ó san mílíọ̀nù 820.5 dọ́là kí ìjà lè tán. Bí a bá ro ó pọ̀ mọ́ ti ìṣáájú, ó lé ní mílíọ̀nù 1,180 dọ́là lórí ilé tí ẹni tí ó tà á rà ní mílíọ̀nù 42.5. Ní ọdún 2019 ni wọ́n tà á fún Chevron ní mílíọ̀nù 350. Owó tí ó sọnù yìí kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó gbogbo ilẹ̀ Brazil ni, tí ó jẹ́ pé àwọn ìyá tí ń ta àkàrà ní ìgboro Salvador ní Bahia, tí àwọn ìyá ńlá wọn ti ilẹ̀ wa lọ nínú ìdè, tí wọ́n sì ń fi orúkọ tí a fi ń pe àkàrà nílé pè é títí dòní, ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè Pasadena. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì bá tí mọ̀ bóyá oúnjẹ ni tàbí ìlú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bú jáde ní ọdún 2014, ẹni tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ Petrobras ní ọdún 2006 ti di Ààrẹ orílẹ̀-èdè Brazil: Dilma Rousseff ni. Ó sọ ní gbangba pé àkópọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí a gbé síwájú ìgbìmọ̀ ni àwọn fi gba ọjà náà wọlé, pé àbùkù wà nínú àkópọ̀ náà, kò sì dárúkọ abala méjèèjì yẹn rárá. Pé bí àwọn bá ti mọ̀ ni, àwọn kì bá tí gbà. Nestor Cerveró, olùdarí tí ó kọ àkópọ̀ náà, fèsì pé irú abala bẹ́ẹ̀ kò ṣe tuntun nínú òwò epo. Nígbà tí ó yá, òun náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbófinró nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní Lava Jato, ó sì jẹ́wọ́ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wọ inú ọjà Pasadena. Àwọn adájọ́ pàápàá kò mọ ibi tí wọn ìbá gbé ẹ̀bi sí. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ tí ń yẹ ìwé owó ìjọba Brazil wò ní àdánù náà tó mílíọ̀nù 792 dọ́là, ó di ẹrù rẹ̀ lé àwọn olùdarí lórí, ó sì yọ ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí a ti ohun-ìní Rousseff àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ pa. Ní ọdún 2014 àìmọ̀ gbà wọ́n, ní ọdún 2017 àìmọ̀ kò gbà wọ́n. N kò sọ pé obìnrin náà mú kọ́bọ̀ nínú owó ẹ̀yìn kankan, ìdí gan-an nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi yẹ fún àròjinlẹ̀, nítorí kò ṣòro láti mọ ohun tí a ó ṣe fún olè. Ẹni tí kò jalè, tí ó sì ní òun kò mọ̀, òun ni ẹjọ́ rẹ̀ le í dá.

Láyé àwọn baba wa, irú ẹjọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tí yóò jókòó sí. Bí ẹni méjì bá fẹ́ mulẹ̀, wọn a da omi sílẹ̀, wọn a pa obì, wọn a sì fi Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí tó wáyé, ẹnu ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ka gbogbo ohun tí wọ́n jọ ń bára wọn dá: pé èmi kò ní í ṣe ọ́ níbi, pé ìwọ kò ní í tú àṣírí mi, pé ọmọ mi di ọmọ rẹ. Ohun tí ẹnu kò bá sọ, ilẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ohun tí ilẹ̀ kò bá sì gbọ́, kò sí nínú májẹ̀mú. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn fi balẹ̀ láti sọ pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ, nítorí kò sí ọ̀dàlẹ̀ tí ó lè dìde pé òun kò gbọ́ nígbà tí a ń sọ ọ́. Ìwé ni ó mú ohun tuntun wọlé tọ̀ wá: májẹ̀mú tí etí ẹni tí ó dá a kò gbọ́ rí. N kò fi èyí bú ìwé, nítorí ìwé ni ó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbàgbé àti lọ́wọ́ irọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ opó àti ọmọ òrukàn ni kì bá tí rí ogún wọn gbà bí kò bá sí ìwé. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí ọwọ́ wá ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnu ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí ojú ṣe iṣẹ́ tí etí ń ṣe.

Síbẹ̀, àwọn baba wa mọ irú yíyàn tí ojú kò lè rí ìdí rẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé gbogbo ohun tí à ń pè ní àyànmọ́ kalẹ̀. Ifá sọ fún wa bí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ṣe ń ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wá sí ìkọ̀lé ayé, tí wọ́n ní láti yà sí ilé Àjàlá alámọ̀ kí olúkúlùkù lè yan orí tirẹ̀. Orí pọ̀ nílé Àjàlá, ó tóbi, ó ń dán, ó wu ojú; èyí tí iná kò jó dénú àti èyí tí ó ti sán kò ṣe é fi ojú lásán mọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dúró bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé èyí tí ó wù wọ́n lérí, òjò ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó ń yọ́, ó ń wó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé gbogbo èrè làálàá wọn nígbà tí wọ́n dé ayé, orí ni wọ́n ń fi í tún ṣe. Afùwàpẹ́ ni ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí a dífá fún, tí ó gbọ́ rírú ẹbọ tí ó rú. Nígbà tí ó dé ilé Àjàlá, ó bá olówó tí ó wá sin gbèsè níbẹ̀, Àjàlá fúnra rẹ̀ ti sá gun àjà nítorí gbèsè náà. Afùwàpẹ́ san án, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a yan orí tí òjò kankan kò lè bàjẹ́. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ oríire àti oríburúkú lásán ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà ni mo ń rí i pé ohun tí Ifá tẹnu mọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn méjì yẹn pé, níwọ̀n bí ẹ kò ti mọ̀, ẹ dá a padà kí ẹ wá gba òmíràn. Àti pé ọ̀nà àtimọ̀ wà. Ẹni tí ó bèèrè, ó mọ̀.

Níbi tí ìtàn Àjàlá kò ti lè bá wa lọ mọ́ ni pé olúkúlùkù wọn, orí tirẹ̀ ni ó gbé. Oríṣẹ̀ẹ́kú kò yan orí fún ọmọ ẹlòmíràn. Alága ìgbìmọ̀, olórí ẹbí, bàbá ìjọ, agbẹjọ́rò, wọn kì í gbé orí ara wọn nìkan nígbà tí wọ́n bá gbé kálàmù. Nítorí náà ni mo fi ń yíjú sí ìtàn àwọn ará Gíbéónì nínú ìwé Jóṣúà. Bí wọ́n ti gbé bàtà gbígbó wọ̀, tí wọ́n di búrẹ́dì bíbu lọ́wọ́, tí wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá, tí àwọn olórí Ísírẹ́lì sì jẹ nínú oúnjẹ wọn, tí wọ́n bá wọn dá májẹ̀mú, láìbéèrè lọ́wọ́ Olúwa: ìyẹn ni Ìwé Mímọ́ tọ́ka sí ní pàtó, pé wọn kò bèèrè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àṣírí tú pé aládùúgbò ni wọ́n, gbogbo ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí àwọn olórí. Àwọn olórí kò sọ pé ẹ̀tàn ti tú ìbúra. Wọ́n ní àwọn ti búra, ó sì ti parí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kà yóò rántí pé ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, nítorí ní ayé Dáfídì ni ìyàn mú fún ọdún mẹ́ta gbáko, tí a sì ṣàlàyé pé májẹ̀mú Gíbéónì tí Sọ́ọ̀lù dà ni ó fà á. Àwọn tí ebi pa nígbà náà kò sí láyé nígbà tí àwọn olórí Ísírẹ́lì ń jẹ búrẹ́dì bíbu. Àwọn ará wa Mùsùlùmí náà ní ohun tí wọ́n lè fi kún un. Àyá tí ó gùn jù nínú gbogbo Àlùkùránì, àyá 282 nínú súrà kejì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé, ó sì ní bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá jẹ́ aláìlera tàbí ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀, kí alágbàtọ́ rẹ̀ sọ ọ́ fún akọ̀wé pẹ̀lú òdodo. Ẹ kíyè sí i: alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́. Báwo ni yóò ṣe sọ ohun tí kò mọ̀?

Àwa náà ti tọ́ irú rẹ̀ wò nílé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú ti Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n fi àmì sí ìwé tí ó gbé Èkó fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus dúró lórí ọ̀sà tí ó kọ ẹnu ìbọn sí ìlú. Owó ẹyọ tí wọn yóò máa fún un lọ́dọọdún sì di ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ fún un títí ó fi wàjà. N kì í fi Dòsùnmú wé ẹni tí ó jókòó sínú iyàrá tútù tí kò ka ìwé, nítorí ìbọn kì í fún ni láyè ìkàwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Olóyè Olúwa, Àmọ̀dù Tíjánì, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àpápá tí wọ́n gbà, ẹjọ́ náà dé London, Herbert Macaulay bá a lọ síbẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1921, àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba dájọ́ pé ìwé tí Dòsùnmú fi àmì sí kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí, nítorí pé ilẹ̀ kì í ṣe ti olóyè, ti ẹbí àti ti ìlú ni, olóyè kàn ń bá wọn dì í mú ni. Ohun tí a ti mọ̀ láti ayébáyé pé òkú, alààyè àti ọmọ tí a kò tíì bí ni ó jọ ni ilẹ̀ ni àwọn adájọ́ aláwọ̀ funfun wá sọ di òfin. Ọwọ́ olóyè kì í ṣe ọwọ́ olóyè. Bí ó ti ń tọwọ́ bọ ìwé, ọwọ́ àwọn òkú àti ti àwọn ọmọ inú ni ó ń bọ̀ ọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Pasadena àti ọ̀rọ̀ P&ID tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti Nàìjíríà jẹ́? Ní ọdún 2010 ni ìjọba wa bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn lórí gáàsì. Wọn kò kọ́ ilé-iṣẹ́ gáàsì kankan, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 àwọn onílàjà ní London ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èlé sì ń gun orí rẹ̀ títí ó fi di nǹkan bí bílíọ̀nù 11. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Adájọ́ Robin Knowles sọ pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà, pé wọ́n ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ka ìwé àṣírí Nàìjíríà lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé irọ́ wà nínú ti Gíbéónì náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Gíbéónì kò ra ẹnikẹ́ni nínú ilé Jóṣúà. Ojú àwọn olórí ni wọ́n fọ́, wọn kò ra ojú náà. Níbi tí a bá ti ra ojú tí ó yẹ kí ó bá wa kàwé, májẹ̀mú kò tíì wáyé, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà ní ìhà méjèèjì. Èmi gbà pé ìdájọ́ náà bá ti ọ̀run mu. Àmọ́ kí inú wa má dùn ju bí ó ti yẹ lọ: ọdún mẹ́tàlá gbáko ni ó fi wà lọ́rùn wa, ó sì yẹ kí a bi ara wa pé níbo ni àwọn tí ó yẹ kí ó ka ìwé náà fún wa wà ní ọdún 2010.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa Houston fúnra rẹ̀, nítorí ìlú yìí ní ìtàn lórí ìlérí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ epo Pennzoil àti àwọn tí ó ni Getty Oil bára wọn dá ọ̀rọ̀, ìwé ìparí kò tíì jáde, Texaco dé, ó fi owó lé e, ó sì gba Getty lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1985, àwọn ará ìlú méjìlá tí ó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Houston ní kí Texaco san bílíọ̀nù 10.53 dọ́là. Ní ọdún 1987 Texaco sá di òfin ajigbèsè, ó sì fi bílíọ̀nù 3 parí ìjà. Bí ọ̀rọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò tíì parí bá lè wúwo tó báyìí lójú àwọn ènìyàn tí ń jẹun ní ìlú yìí, mélòó-mélòó ni ìwé tí a ti tọwọ́ bọ̀.

Èrò mi nìyí, n kò sì ní bo ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá tọwọ́ bọ ìwé fún ara rẹ̀ láìkà á, aláìbìkítà ni, orí rẹ̀ ni òjò yóò pa, Olódùmarè sì lè ṣàánú rẹ̀ bí Ó ti ń ṣàánú gbogbo àwa tí a yan orí láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn kò ní ẹ̀tọ́ sí àìmọ̀. Mímọ̀ ni iṣẹ́ tí a rán an. Nítorí kí ó lè mọ̀ ni àwọn yòókù ṣe jókòó sílé, nítorí kí ó lè kà ni ìyá alákàrà ṣe tẹjú mọ́ agbada rẹ̀. Bí ó bá wá dé tí ó ní òun kò mọ̀, kì í ṣe àwáwí ni ó mú wá, ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an ni ó ń jẹ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó sì ní òun wà lọ́jà ṣùgbọ́n òun ń wo ibòmíràn, ọmọ kò tíì bọ́ nínú ewu nítorí ìyẹn. Ẹni tí ó fi abala pamọ́ yóò jíhìn ìpamọ́ tirẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ ju ti alága lọ fíìfíì; ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹnì kan kì í jẹ ẹ̀bi ẹnì kejì tán. Ní ti Astra tí ó di ìwé mú, n kò rí ohun tí mo lè fi bá wọn wí nínú pé wọ́n béèrè ohun tí a kọ fún wọn, àfi bí ọwọ́ wọn bá wà nínú owó ẹ̀yìn, èyí tí n kò lè sọ.

N kò lè kọ gbogbo èyí kí n sì dákẹ́ nípa ara mi. Ìjọ àdúrà kékeré kan wà tí àwa Yorùbá díẹ̀ ń ṣe ní Pasadena, a fẹ́ gba gbọ̀ngàn kan háyà, wọ́n sì yan àwa mẹ́ta láti lọ tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé náà tó nǹkan bí ogójì ojú ewé. Aṣojú onílé fi ọ̀yàyà kí wa, ó ní ìwé tí gbogbo ayálégbé ń tọwọ́ bọ̀ ni. Mo ka ojú ewé kìíní, mo ka èyí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, a ya fọ́tò, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù Keje ọdún 2024, tí ó ṣí apá kan òrùlé gbọ̀ngàn náà, onílé ṣí ìwé sí àárín, ó sì fi abala kan hàn wá pé ayálégbé ni yóò tún òrùlé ṣe. Ohun tí ó sọ wà níbẹ̀, kò purọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a ròyìn fún ìjọ, ìyá kan tí ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, tí ń tọ́jú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, dìde lórí àga, kò sì pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà ò kà á ni?" Mo dá a lóhùn pé n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mà. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì jókòó.

Oṣù mọ́kànlá ni a fi san owó òrùlé náà. Àwọn ìyá ìjọ, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fọwọ́ kan ìwé náà rí, ni wọ́n san èyí tí ó pọ̀ jù.